Ère Ẹ̀sìẹ́ Kì í Ṣe Ènìyàn Tó Di Òkúta, Ẹ Jọ̀ọ́

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Sátidé tó kọjá níbi ìsọmọlórúkọ, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ tíṣà kó àwọn ọmọdé jọ, wọ́n ń sọ fún wọn pé gbogbo ère tó wà ní mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò ni wọ́n, wọ́n wá bá ọba ìlú ṣe ohun tí ò dáa, ni wọ́n bá gégùn-ún fún wọn, wọ́n sì di òkúta lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ la ẹnu sílẹ̀, àwọn àgbà ń mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí? Wọ́n ní rárá, pé ṣebí gbogbo ayé ló mọ̀.

Gbogbo ayé wo? Èmi ti débẹ̀, mo sì ti rí wọn lójú korojú.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀, ìlú kékeré ni Ẹ̀sìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀nà Òmù-Àrán lọ́hùn-ún. Mùsíọ́mù ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí ní gbogbo Nàìjíríà, 1945, kí Jọ́ọ̀sì tó ní, kí Èkó tó ní. Ère òkúta tí wọ́n bá nínú igbó ibẹ̀ lé ní 1,000, kò sì síbi tí wọ́n ti rí irú ẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ga tó ná. Èyí tó kéré jù nínú wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, báírò tí ẹ fi ń kọ̀wé lè gùn jù ú lọ, èyí tó ga jù sì fi díẹ̀ lé ní mítà kan. Àgbàlagbà ni wọ́n o, ẹlòmíì ní irùngbọ̀n, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn, ilà wà lójú. Ṣé báyẹn ni wọ́n ṣe mọ nígbà tí wọ́n ń rìn kiri? Tí wọ́n bá ní egún yẹn ló sọ wọ́n di kékeré, kí ló dé tí kò sọ gbogbo wọn di kékeré bákan náà, àbí egún náà ń yan èyí tó wù ú ni?

Èyí tó wá dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ òkúta yẹn gan-an. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́. Ẹni tó bá ti ṣe wẹ́dà dáadáa á mọ ṣọ́ọ̀kì pẹlẹbẹ kan tá a fi ń fa ìlà sórí irin ká tó gé e, soapstone ni wọ́n ń pè é, òun náà ni òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́. Ó rọ̀ débi pé èékánná lásán lè ha á, tí o bá fi ọwọ́ pa á á máa yọ̀ bíntín, torí tálíkì tí wọ́n fi ń ṣe pauda ọmọdé ló pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ti fi ọ̀bẹ gé e, mo ti fi fáìlì rẹ́ ẹ, kò le. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó dáa àti sùúrù, ohunkóhun tó bá wù ú ló máa fi ṣe. Òkúta tó rọrùn láti gbẹ́ báyìí ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ẹ ní ènìyàn ló yí padà!

Ọ̀kan wà tí mo dúró tì pẹ́. Obìnrin ni, ó jókòó sórí àpótí rìbìtì olẹ́sẹ̀ kan, ó gbé àdá lé èjìká. Irun orí ẹ̀ ga sókè, ẹ máa rí ìlà tí wọ́n fi pín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo àdá yẹn, kò dá dúró, wọ́n gbẹ́ ẹ mọ́ èjìká ni, kò sí àlàfo kankan láàárín wọn. Apá ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ẹ ò dá a lu láàárín apá àti ìhà, ó fi òkúta sílẹ̀ níbẹ̀ kí apá má baà kán. Ìdí ẹ̀ àti àpótí tó fi jókòó, òkúta kan náà ni. Orí wá tóbi ju ara lọ, bí àwọn agbẹ́gilére wa ṣe máa ń gbé orí tóbi títí dòní. Ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn, ọgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí òkúta ti lè dá mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kán lọ́rùn. Ẹ wo ojú ibi tó kán yẹn, òkúta ni látòkè délẹ̀, kò sí egungun, kò sí ihò ọ̀fun. Wọ́n tún rí ère amọ̀ sísun pẹ̀lú wọn, ṣé àwọn yẹn ni egún sọ di amọ̀?

Wọ́n á ní tí kì í bá ṣe ènìyàn ni wọ́n, kí ló dé tí àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ fi ń ṣọdún ère lọ́dọọdún? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ogún bàbá wọn ni. Àwọn ìyá wa fún ère ìbejì lóúnjẹ, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n sì mọ ilé ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìtàn ìlú Ẹ̀sìẹ́ fúnra ẹ̀ sọ pé Ọ̀yọ́ Ilé ni wọ́n ti wá, wọ́n bá àwọn ère yìí nínú igbó ni, ọdẹ ló kọ́kọ́ rí wọn. Ẹni tó bá nǹkan nílẹ̀ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ó di dandan kó wá ìtàn sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Lọ́dún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí iṣẹ́ ọnà tó dáa tó bẹ́ẹ̀, ó ní kì í ṣe àwọn baba wa ló ṣe é, pé àwọn Gíríìkì kan láti Atlantis ni, ilẹ̀ inú àlọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì. Gbogbo wa ń bú u títí dòní. Àwa náà wá dé Ẹ̀sìẹ́, a rí iṣẹ́ ọwọ́ baba wa, a ní egún ni. Kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tó jókòó síbẹ̀ tó ń gbẹ́ irun orí obìnrin yẹn, a ti gba iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn o.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí irú ẹni tó gbẹ́ wọn. Àwọn kan ń wo Ifẹ̀, àwọn kan ń wo Nupe. Àwọn tó ń jiyàn yẹn náà gbà pé wọ́n gbẹ́ ẹ ni.

Àwọn olè pàápàá mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni. Lọ́dún 2000 tí àjọ àwọn mùsíọ́mù lágbàáyé, ICOM, ṣe ìwé àwọn ohun àtijọ́ Áfíríkà tí wọ́n ń jí tà jù, ère Ẹ̀sìẹ́ wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ère amọ̀ àtijọ́ Nok àti iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀. A ń fi egún dẹ́rù ba ọmọ nílé, wọ́n ń dì wọ́n sínú páálí lọ sí òkè òkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tíṣà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀tàn Ẹ̀sìẹ́ fáwọn ọmọ, ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ síbẹ̀, kí wọ́n wo èjìká tí àdá yẹn wà.