Káàdì mi kò bá mi kó ẹrù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé ìwà ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí àwa ọ̀dọ́ máa jáde dìbò, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá yín fà á díẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kó ẹrù. Lánlọ́ọ̀dù mi tó gbẹ̀yìn, ní àdúgbò Under G, sọ pé àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ti ń wọlé, tí n kò bá lè san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí n kó kọ́kọ́rọ́ òun sílẹ̀. Owó ejẹ́ǹtì lọ́tọ̀, owó àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀ (bébà ojú kan péré!).

Káàdì ìdìbò mi ṣì wà ní Tákìé, àdúgbò tí mo ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ kì í sì í rìn lọ́jọ́ ìdìbò. Lóòótọ́ ni INEC, àjọ elétò ìdìbò, gbà kéèyàn yí ibùdó ìdìbò rẹ̀ padà, àmọ́ kí n tó ráyè lọ ṣe é, mo ti tún ń di ẹrù.

Àbí ẹ máa ní ká kúkú kọ́lé tiwa? Sìmẹ́ǹtì tó kọjá ₦10,000 àpò kan ní 2024!

Olóṣèlú kan wá sí àdúgbò wa láìpẹ́ yìí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ owó ilé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún mi ní fìlà.