Ẹ yé ṣe defrag fún SSD

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ẹnjiníà kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema sọ fún àbúrò mi pé kí ó máa gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá lóṣooṣù, kí òun lè máa bá a ṣe defrag, ìyẹn títo àwọn fáìlì tí ó fọ́n ká jọ, fún SSD inú rẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tí ó jẹ́ ṣíìpù, kí ó má baà máa fà. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri Ìbàdàn, ó sì ti sú mi, nítorí pé owó ni wọ́n ń gbà lórí iṣẹ́ tí kò ṣe SSD ní àǹfààní kankan.

Háàdì dísìkì ni ó ni defrag. Àwo kan ń yí nínú rẹ̀ ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí àwo náà láti ka fáìlì. Bí fáìlì bá fọ́n ká, apá yìí á máa wá a kiri, ibẹ̀ sì ni ìfàsẹ́yìn ti ń wá. SSD kò ní àwo, kò sì ní apá kankan tí ń sáré.

Èyí tí ó tilẹ̀ yẹ kí ó parí àríyànjiyàn náà ni pé Windows kò mọ ibi tí fáìlì wà gan-an nínú SSD. Ṣíìpù tí ń darí SSD ni ó mọ̀ ọ́n, òun ni ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ pín iṣẹ́ ká kí ojú kan má baà gbó ṣáájú òmíràn. Nígbà tí defrag bá ní òun ti to àwọn fáìlì tán, wọn kò tò níbì kankan nínú ṣíìpù. Kíkọ ni a kàn tún kọ wọ́n, kíkọ yìí gan-an ni ó sì ń jẹ SSD. Wáráńtì ọdún 5 tí Samsung ṣe fún SSD rẹ̀ tí ń jẹ́ 870 EVO oní 500GB yóò parí ṣáájú àsìkò bí a bá ti kọ 300 terabyte sí i.

Àṣẹ kan tí ń jẹ́ TRIM ni ohun tí SSD nílò. SSD kì í lè pa ojú ewé (page, ẹyọ kékeré tí ó ń kọ nǹkan sí) kan ṣoṣo rẹ́. Odidi búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ọ̀pọ̀ ojú ewé lápapọ̀, ni ó ń pa rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kó gbogbo ẹrù jáde kí ó tó gbá yàrá. TRIM ni Windows fi ń sọ fún un pé a ti pa fáìlì báyìí rẹ́, kí ó má ṣe máa kó òkú ẹrù kiri. Láti Windows 7, ní ọdún 2009, ni ó ti wà níbẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, kí ẹ tẹ `fsutil behavior query DisableDeleteNotify`. Bí ẹ bá rí 0 lẹ́gbẹ̀ẹ́ NTFS, TRIM wà lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tí ń ṣe defrag yìí a ní bọ́tìnnì Optimize ṣáà wà nínú Windows, ní Defragment and Optimize Drives. Ẹ wo iwájú orúkọ dísìkì náà: bí ó bá kọ Solid state drive síbẹ̀, TRIM ni bọ́tìnnì yẹn ń ṣe, Windows sì ń ṣe é fúnra rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Lóòótọ́, bí System Restore, ohun tí ń dá Windows padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bá wà ní títàn, Windows lè ṣe defrag fún SSD lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó mọ ìgbà tí ó bá yẹ.

Èmi kò ṣe defrag fún láptọ́ọ̀pù tèmi rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó fà ni ìgbà tí mo ṣí This PC tí mo rí i pé ìlà abẹ́ C: ti pọ́n, nítorí pé àwọn fídíò ìgbéyàwó ẹbí ti kún inú rẹ̀. SSD tí ó bá kún kì í rí búlọ́ọ̀kù òfìfo kọ nǹkan sí, yóò wá máa palẹ̀ mọ́ lórí ìdúró. Mo kó àwọn fídíò náà sí háàdì dísìkì ìta, láptọ́ọ̀pù sì padà sí bí ó ti wà. Láti ìgbà náà, mo máa ń rí i pé ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ṣófo.