Fọ́ọ̀mátì Kọ́ Ni Oògùn Géèmù Tó Ń Kú

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Ẹnì kan ní géèmù òun ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gba òun. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá a lóhùn ní: “Fọ́ọ̀mátì ẹ̀ jàre, Windows ẹ ti bàjẹ́.” Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé e, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ò bi í léèrè bóyá géèmù yẹn kọ nǹkan sójú ẹ̀rọ kó tó kú, bóyá ṣe ló dá a padà sí desktop ni àbí odidi kọ̀ǹpútà ló pa, bóyá ojú kan náà ló ti ń kú lójoojúmọ́. Àrùn tí wọn ò tíì yẹ̀ wò, wọ́n ti po oògùn ẹ̀.

Fọ́ọ̀mátì ti di agbo jẹ̀díjẹ̀dí inú páàkì: ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, ó ń wo ibà, ó tún ń wo ojú. Ohun tó ń ṣe gan-an ò ju pé ó nu ohun tó wà lórí disk, ó sì gbé Windows tuntun lé e. Kò dé ọ̀dọ̀ RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Kò dé ọ̀dọ̀ power pack. Kò wọ inú BIOS (ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí), kò gbọn eruku ara fáànù, kò sì lè tún processor tí iná ti bà jẹ́ ṣe. Èyí tó wá burú jù ni pé inú Windows àtijọ́ yẹn ni àkọsílẹ̀ ohun tó pa géèmù wà, ẹ sì ti nù ún dànù kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Ẹ ó tún wá dátà tẹ́ ẹ máa fi wa géèmù yẹn sílẹ̀ padà: Red Dead Redemption 2 nìkan, àyè 150 GB ló ń béèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Intel, àwọn tó ń ṣe processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ. Ìparí ọdún 2022 ni processor wọn, Core ìran kẹtàlá, jáde fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ìran kẹrìnlá tẹ̀ lé e ní 2023. Nígbà tó yá, àwọn tó ní i9-13900K àti i9-14900K bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé géèmù tí wọ́n fi Unreal Engine (irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ géèmù) ṣe ń kú mọ́ àwọn lọ́wọ́, pàápàá níbi tó ti ń ṣètò shader (ètò tó ń kun àwòrán) ní ìbẹ̀rẹ̀, kí géèmù gan-an tó ṣí. Ohun tó ń kọ síwájú wọn ni “Out of video memory trying to allocate a rendering resource”, ìyẹn ni pé àyè inú graphics card, káàdì tó ń ya àwòrán, ti tán. Ẹni tó ní graphics card RTX 4090, tí 24 GB wà nínú ẹ̀, náà ń rí i! Graphics card ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Processor ló ń ṣi ìṣirò ṣe bó ṣe ń tú dátà tí wọ́n fún pọ̀. Ohun tó bá ti inú ìṣirò burúkú yẹn jáde, kò ní ṣe é lò, géèmù á sì ní àyè ló tán. Ilé iṣẹ́ RAD tó ṣe Oodle, tí ọ̀pọ̀ géèmù fi ń tú dátà, kọ ọ́ síta gbangba pé àṣìṣe náà ò sí nínú Oodle, kò sì sí nínú Unreal.

Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2024, Intel fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé microcode, ìyẹn àṣẹ tó ń darí processor yẹn láti inú, ló ń béèrè fóltéèjì tó ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù kẹjọ, wọ́n gbé microcode 0x129 jáde. Oṣù kẹsàn-án, 0x12B. Wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì tó jẹ́ ọdún mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ti bàjẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn, microcode ò lè jí i, pípààrọ̀ ni. Ẹ wá sọ fún mi, níbo ni fọ́ọ̀mátì fẹ́ gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ̀ báà fọ́ọ̀mátì lẹ́ẹ̀mẹwàá, processor tó ń ṣi ìṣirò ṣe lánàá á tún ṣì í ṣe lọ́la. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Tí irú ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msinfo32, ẹ ó rí orúkọ processor àti ọjọ́ BIOS yín. HWiNFO64, ètò tó ń wo ara ẹ̀rọ, máa fi nọ́mbà microcode hàn. Tó bá kéré sí 0x12B, inú BIOS tuntun ni microcode tuntun ti ń wá: ẹ lọ sójú ewé àwọn tó ṣe motherboard yín, ẹ mú BIOS tó bá nọ́mbà motherboard náà mu gẹ́lẹ́, ẹ gbé e sórí flash tí ẹ ti sọ di FAT32. Ẹ má pààrọ̀ BIOS lórí iná NEPA lásán o. Tí iná bá lọ láàárín kan, motherboard lè kú pátápátá, nítorí náà UPS ni tàbí inverter. Kẹ́ ẹ tó ṣe ìyẹn rárá, ìdánwò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀: ẹ wọ BIOS, ẹ dín Performance Core Ratio kù láti 55 sí 53. Tí géèmù ò bá kú mọ́, ẹ ti mọ ẹni tó ń dà yín láàmú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ̀rọ̀ yìí kàn. Kí ẹni tó ń lo laptop má dá ara ẹ̀ láàmú sí i.

Ọ̀ràn kejì tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín, nítorí Windows tuntun gan-an ló fa wàhálà níbẹ̀. Ìparí ọdún 2024, nígbà tí Windows 11 ẹ̀yà 24H2 jáde, àwọn géèmù Ubisoft bíi Assassin’s Creed Valhalla, Origins, Odyssey àti Star Wars Outlaws bẹ̀rẹ̀ sí í há, ojú ẹ̀rọ á dúdú tàbí kó má dáhùn mọ́. Microsoft dá 24H2 dúró fún kọ̀ǹpútà tí àwọn géèmù yẹn wà lórí ẹ̀ títí àtúnṣe fi dé. Ẹni tó fọ́ọ̀mátì nígbà náà, tó sì gbé 24H2 tuntun lé e, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi wa àìsàn yẹn wálé.

Kí ló wá yẹ ní ṣíṣe? Kíkà. Windows ń kọ gbogbo ikú sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ perfmon /rel. Àwòrán ọjọ́ kan tẹ̀ lé ọjọ́ kan á yọ, X pupa á wà lórí ọjọ́ tí nǹkan kú. Ẹ tẹ ọjọ́ yẹn, ẹ tẹ orúkọ géèmù náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí ìlà méjì tó ṣe kókó:

Fault Module Name: nvwgf2umx.dll
Exception Code: c0000005

Ìlà àkọ́kọ́ ni module, ìyẹn fáìlì tí ikú ti ṣẹlẹ̀; ìkejì ni nọ́mbà irú ikú náà. Nvwgf2umx tàbí nvlddmkm, ti NVIDIA ni. Atidxx64 tàbí amdkmdag, ti AMD ni. Ìyẹn ń sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá káàdì sọ̀rọ̀) tàbí graphics card lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ fi DDU (ètò tó ń yọ driver pátápátá) yọ driver tó wà ńlẹ̀ nínú Safe Mode (Windows tó ṣí pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan), kẹ́ ẹ yọ okùn íntánẹ́ẹ̀tì tàbí pa Wi-Fi kí Windows má baà sáré gbé tiẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ mú lójú ewé àwọn tó ṣe káàdì lé e. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ gba driver tuntun ni ikú bẹ̀rẹ̀, ẹ padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Tuntun ò fìgbà gbogbo dára jù. Ntdll.dll àti KERNELBASE.dll ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan, ibi tí òkú ṣubú sí lásán ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wa ntdll lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá sínú ẹ̀rọ yín.

C0000005 ń sọ pé géèmù na ọwọ́ sí ibi tí kì í ṣe tiẹ̀ nínú RAM. Tí module kan náà bá ń jẹ́ orúkọ ní gbogbo ìgbà, ọ̀rọ̀ géèmù, mod (àfikún tí àwọn ará ìta ṣe fún géèmù) tàbí driver ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù lónìí, ntdll lọ́la, tí Chrome náà wá kú lọ́túnla, RAM ni kẹ́ ẹ fura sí. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ti máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ wọ BIOS, ẹ pa XMP (ti AMD lè máa jẹ́ EXPO). Ìyára tí wọ́n kọ sára páálí RAM, tí XMP fi ń sáré, ó ju èyí tí processor ṣèlérí láti gbé lọ nígbà púpọ̀. Tí géèmù bá dákẹ́ ikú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ti rí i. Tí kò bá dákẹ́, ẹ gbé MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, sórí flash, ẹ fi flash náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó yí ẹ̀ẹ̀mẹrin pé. Ó lè gbà tó wákàtí mélòó kan. Àṣìṣe kan péré ti pọ̀ jù. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ okùn iná, ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ rọra nu ẹnu wúrà ẹ̀, ẹ tì í padà títí ó fi dún kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan pere ló ń kọ àṣìṣe, òun ni kẹ́ ẹ sọ nù. Bí kálukú wọn bá yege lóun nìkan, tí méjèèjì sì ń jà tí wọ́n bá wà pọ̀, wọn ò bára wọn mu ni. Ó wọ́pọ̀ lára RAM tí wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì.

Tó bá wá jẹ́ pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló ń pa, ẹ ṣí eventvwr.msc, ẹ wọ Windows Logs, ẹ wọ System. Kernel-Power 41 ń sọ pé ẹ̀rọ kú láìdágbére, kò sọ ohun tó pa á. Ẹ wo BugcheckCode nínú Details. Tó bá jẹ́ òdo, iná tàbí ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá rí WHEA-Logger, ara irin ló ń ké. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbọ̀ tó wá pẹ̀lú power pack 240 W, tí wọ́n wá ki RTX 3060 sínú ẹ̀, kí lẹ retí? Káàdì yẹn nìkan ń jẹ 170 W, NVIDIA sì ní power pack 550 W ni kí wọ́n fi gbé e. Á ṣí Windows dáadáa, á wo fídíò dáadáa, ìgbà tí ogun inú géèmù bá gbóná ló máa pa. Ẹ kíyè sí i bóyá orí gen kékeré tàbí ìgbà tí iná bá lọ sílẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀. 230 V ló yẹ kó wọlé. Ní ti ooru, ẹ ṣí HWiNFO64 sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ géèmù. Tí processor bá ń kan 100°C, á kọ́kọ́ máa falẹ̀, géèmù á máa já wọ́wọ́, kó tó di pé ó kú. Lẹ́yìn ọyẹ́, ẹ ṣí i, ẹ fẹ́ eruku jáde, àmọ́ ẹ di apá fáànù mú kó má yí bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ. Thermal paste tó ti gbẹ bí àmọ̀, ẹ nù ún, ẹ fi èyí tó tó ẹ̀wà kan rọ́pò ẹ̀.

Èyí tó kù ò le. Lórí Steam, ẹ tẹ ọ̀tún lára géèmù, Properties, Installed Files, kẹ́ ẹ ní kó yẹ fáìlì wò. Èyí tó bàjẹ́ nìkan ló máa wa padà. Ẹ kó mod kúrò pátápátá, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn pa á. Ẹ pa overlay Discord àti RivaTuner, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbé lé ojú géèmù. Àwọn tó gbọ́ níbì kan pé kí wọ́n pa pagefile (àyè orí disk tí Windows fi ń ran RAM lọ́wọ́) kí géèmù lè yára, ẹ lọ tan án padà lónìí: sysdm.cpl, Advanced, Settings abẹ́ Performance, Advanced, Change, kẹ́ ẹ jẹ́ kí Windows fúnra ẹ̀ mójú tó o, kẹ́ ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lórí C. Tí Committed (àyè RAM àti pagefile tí àwọn ètò ti gbà) nínú Task Manager bá ti fẹ́ kan òkè, géèmù á kú bí RAM tilẹ̀ ṣì kù. Tó bá sì jẹ́ pé ibi tó ti fẹ́ tọ́jú ìtẹ̀síwájú yín ló ń kú sí, ẹ wò ó bóyá ààbò Windows tó ń jẹ́ Controlled Folder Access ló dínà Documents mọ́ ọn.

“Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún èmi.” Mo mọ̀. Fọ́ọ̀mátì yín gbé driver tuntun wọlé, ó pa mod, ó pa overlay, ó tan pagefile padà. Ọ̀kan nínú wọn ló wò yín sàn, ẹ ò sì mọ èwo. Bó bá sì jẹ́ disk ló ní ojú tó ti kú, fáìlì yín kàn lọ jókòó síbòmíràn fúngbà díẹ̀ ni.

Ó dáa, mo gbà pé Windows fúnra ẹ̀ lè bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí Command Prompt bí alákòóso, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, tó bá parí kẹ́ ẹ kọ sfc /scannow. Ká ní ìyẹn náà ò ràn án, tí RAM, iná àti ooru sì ti yege, ẹ lè fọ́ọ̀mátì. Kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ da C:\Windows\Minidump (ibi tí àkọsílẹ̀ ikú ẹ̀rọ wà) kọ sórí flash, ẹ da steamapps\common àti ìtẹ̀síwájú géèmù yín kọ síbòmíràn, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ module àti exception code sórí bébà. Windows tuntun tó bá tún kú pẹ̀lú nọ́mbà kan náà, bébà yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lọ bá ẹni tó fẹ́ ta RAM tàbí power pack fún yín.