Òrùlé tó ń jò kì í ṣe gbèsè ayálégbé

Ní ìpàdé àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Ìyá Tóbi dìde, ó ní òjò ti ba bẹ́ẹ̀dì òun jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì lóṣù yìí. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá kan fi dá a lóhùn: "Ìyá Tóbi, ṣebí ẹ̀yin lẹ̀ ń gbébẹ̀? Ẹ wá kápẹ́ńtà kẹ́ ẹ tún un ṣe." Ni gbogbo ìjókòó bá ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, òun ló ni ín. Irọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, òfin ilé gbígbé wà níbẹ̀ láti ọdún 2011, ayé Gómìnà Fáṣọlá. Abala kẹjọ òfin náà ka ojúṣe onílé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní onílé ni kó máa ṣàtúnṣe ara ilé níta, àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Ó tún ní onílé ni kó ṣe ìnṣọ́ránsì fún ilé náà nítorí àdánù àti ìbàjẹ́. Níbo wáá ni òrùlé wà bí kò bá sí níta? Ògiri tí òjò ń nà, gọ́tà tó dí, ta ló ni wọ́n?

Abala keje ló sọ ti ayálégbé. Kó tọ́jú ilé dáadáa, òótọ́ ni, àmọ́ òfin náà yọ gbígbó tí ilé ń gbó fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Pánù tó ti dípẹtà láti ọdún gbọọrọ, ayálégbé kọ́ ló fi ìpẹtà sí i. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ tẹ́ ẹ jáde lọ, tí omi kún yàrá, ìyẹn ti yín ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn.

Àwọn kan á ní owó táa san ló kéré, pé ilé olówó nìkan ni kì í jò. Kí ló kan òfin nínú ìyẹn?

Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ. Ìpàjà ni mò ń gbé nígbà náà, òkè pátápátá. Oṣù kẹfà ni sílìn kọ́kọ́ ní àbàwọ́n bíi tíì. Mo sọ fún ẹni tó ń bá onílé mójú tó ilé, ó ní kí n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Mo gbé e síbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, ògiri ti hu, ọmọ mi ń wúkọ́ lóru, páálí tí mo kó sátífíkéètì mi sí ti rẹ gbindin. Mo fi ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà wá kápẹ́ńtà. Òjò kejì, ó tún jò. Nígbà tí mo ní kí onílé yọ owó náà nínú owó ilé, ó ní: "Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ilé mi?"

Ó dùn mí wọra, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti gbọ́n. Òfin yẹn gbà kí ayálégbé béèrè owó ohun tó fi tún ilé ṣe nígbà tí onílé bá ní kó máa lọ, bí onílé bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú nìkan. Èmi ò ní ìwé kankan. Ni mo bá kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì, wọ́n fọwọ́ sí ọ̀kan fún mi pé àwọn ti gbà á. Mo ya fọ́tò sílìn àti ògiri pẹ̀lú déètì, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibùdó ìjọba Èkó tó ń parí aáwọ̀ láìdé kòótù, níbi tí wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọ́n pe àwa méjèèjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n pààrọ̀ pánù. Owó kápẹ́ńtà mi ò padà wá.

"Yóò lé ẹ jáde" ni wọ́n tún máa ń fi dẹ́rù bà wá. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà, bí àgírímẹ́ǹtì rẹ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn. Onílé tó bá sì ṣí pánù kó lè fipá lé ayálégbé láìgba àṣẹ kòótù, abala 44 ní kó san owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà.

Ó dáa, òfin náà kò dé Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, àgírímẹ́ǹtì sì lè yí apá kan rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Ẹ má sì torí pé òrùlé ń jò kẹ́ ẹ má san owó ilé o, gbèsè yẹn gan-an ni wọ́n máa gbé lọ sí kòótù.

Èmi àti Ìyá Tóbi ti kọ lẹ́tà tirẹ̀ báyìí, ẹ̀dà méjì. Lọ́jọ́ Ajé la ó jọ gbé e lọ.