Ẹ gbé wọn gorí ìwọ̀n kí ẹ tó yìn wọ́n

Ariwo tá a pa níbi tá a ti ń gbé irin ní Òkè-Àdó lálẹ́ Sátidé, àfi bíi pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n kan tá à ń pè ní Tírélà ló gbé kílò 120 láti ilẹ̀, ó nà án sókè orí gbọnrangandan. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Abẹ́rẹ́, ọmọ tó máa ń bá àwọn bíríkìlà po kọnkéré lọ́sàn-án, gbé 85. Ó jù ú sílẹ̀, ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Èmi lẹ ń wò yìí, èmi ni mo lágbára jù níbí." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ìwọ̀n kan wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní káwọn méjèèjì bọ́ bàtà kí wọ́n gùn ún. Tírélà jẹ́ kílò 98, Abẹ́rẹ́ jẹ́ 58. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: irin tí Tírélà gbé fi kílò 22 ju ara ẹ̀ lọ, ti Abẹ́rẹ́ fi 27 ju tiẹ̀.

Bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, nọ́ńbà ara irin nìkan là ń wò. Nígbà tí Adijat Olarinoye gba góòlù fún Nàìjíríà ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, ní ìsọ̀rí kílò 55, ìyẹn àwọn tí ara wọn ò ju kílò 55 lọ, kílò 111 ló gbé níkẹyìn. Ara ẹ̀ lọ́nà méjì nìyẹn, ó tún fi ènì sí i. Ẹnì kan ládùúgbò wa ní, "Ṣé 111 náà lẹ ń pariwo lé?" Ọ̀gbẹ́ni tí kò lè dá gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan!

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé e dé òkè téńté. Ní Seoul lọ́dún 1988, Naim Süleymanoğlu ọmọ Tọ́kì, tí kò ga tó mítà kan àtààbọ̀, gbé kílò 190 ní ìsọ̀rí kílò 60. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ara ẹ̀ lọ! Lasha Talakhadze, òmìrán ọmọ Jọ́jíà, gbé 267 lọ́dún 2021, kò sì sẹ́ni tó tíì gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìdíje, ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ wọn nǹkan bíi 180.

Àmọ́ ẹ má tíì kan sáárá sí Abẹ́rẹ́. Ká kàn fi ara pín irin, ìyẹn náà rẹ́ ẹni ńlá jẹ. Ẹ to hóró magí mẹ́jọ, mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́rin lórí. (Ìyàwó mi bi mí bóyá mò ń ka magí òun ni.) Ó ga ní ìlọ́po méjì hóró kan, ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wo iwájú ẹ̀, mẹ́rin péré lẹ máa rí. Agbára iṣan dà bíi ti okùn: bó ṣe nípọn ló kà, kì í ṣe bó ṣe gùn. Torí náà, béèyàn bá ṣe ń tóbi, ìwúwo ń sáré ju agbára lọ. Ohun tó jẹ́ kí èèrà máa gbé ohun tó ju ara ẹ̀ lọ fíìfíì nìyẹn. Ẹ sọ èèrà yẹn di erin, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ṣẹ́. Àwọn onídìíje mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní Sinclair fún ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi kékeré wé ńlá.

Èmi ò lo Sinclair, ọ̀nà magí ni mo gbà. Ká ní wọ́n fẹ Abẹ́rẹ́ lójú títí ó fi di kílò 98, kílò 120 àti díẹ̀ ló máa gbé. Díẹ̀ yẹn ò tó kílò kan! Ká má tiẹ̀ sọ ti àmàlà tó wà nínú kílò 98 Tírélà, tí kò bá a gbé irin kankan.

Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Abẹ́rẹ́ ní òun ṣì ni òun borí. Tírélà wò ó, ó ní kó lọ mú díẹ̀ yẹn wá kó kọ́kọ́ gbé e fún òun rí.