Ta ló kọ́ páríṣì wa gan-an?

Láti ọjọ́ Àìkú ni inú ti ń bí mi. Wọ́n pín ìwé ìtàn páríṣì wa, ìyẹn ìjọ Àgùdà àdúgbò wa, nítorí jùbílì tó ń bọ̀. Bébà rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ gún régé. Mo kà á láti páálí dé páálí. Fàdá tó kọ́kọ́ dé, fàdá tó tẹ̀ lé e, bíṣọ́ọ̀bù tó wá ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́, fàdá tó ra jẹnẹrétọ̀, fàdá tó lẹ táìsì. Àwa ọmọ ìjọ ńkọ́? A wà nínú fọ́tò kan lápá ẹ̀yìn, a wọ aṣọ ẹgbẹ́, kò sí orúkọ ẹnì kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ máa ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbi gbogbo. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ ìjọ Àgùdà l'Ékòó? Ẹ bi àwọn ọmọ katikísímù, wọ́n á ní àwọn fàdá òyìnbó ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nárì Àgùdà tó wá sí Áfíríkà, ni. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, nígbà tí àwọn fàdá yẹn máa fi gúnlẹ̀ sí Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ní 1861, àwọn tó ti oko ẹrú Brazil bọ̀ ti wà l'Ékòó, wọ́n ń péjọ gbàdúrà. Ẹni tó ń ṣáájú wọn ni wọ́n ń pè ní Padre Anthonio, ẹrú tó gba òmìnira. Kì í ṣe fàdá o, kò jẹ oyè àlùfáà kankan, àmọ́ òun ló kó wọn jọ tí wọn ò fi fọ́nká. Ọdún 1868 ni fàdá tó máa jókòó ti Èkó, Pierre Bouche, tó dé. Ìjọ ló wá bá. Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní 1881 náà, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló kọ́ ọ, ara àwọn tó ti Brazil bọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ìwé òfin ìjọ Àgùdà ti 1983 sì là á mọ́lẹ̀ ní òfin 515: àwùjọ àwọn onígbàgbọ́ ni páríṣì, fàdá ni wọ́n fi ìtọ́jú rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Àwọn kan ti ń sọ pé mo fẹ́ bá fàdá jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi dá ìyẹn sílẹ̀. Fàdá ń lọ, fàdá ń bọ̀, bíṣọ́ọ̀bù ló ń pín wọn kiri. Ta ló ń dúró?

Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, mo lọ gba ìwé ìsàmì mi ní ọ́fíìsì páríṣì. Òfin 535 nínú ìwé òfin yẹn ló ní kí páríṣì kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú orúkọ àwọn tó bá ṣèsàmì. Akọ̀wé gbé ìwé ńlá kan kalẹ̀, ikán ti jẹ etí rẹ̀, yíǹkì ti ń ṣá. Bó ṣe ń wá orúkọ mi, ojú mi lọ síbi tí wọ́n ń kọ ìyá ìsàmì sí. Orúkọ obìnrin kan náà ni mò ń rí. Mo ṣí ojú ewé mìíràn, òun náà ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mẹ́ta ló bá dúró. Akọ̀wé ní àwọn tó wá ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọn ò ní ẹbí Àgùdà kankan nítòsí, Màmá yìí ni wọ́n máa ń lọ bá. Màmá á pa ìsọ̀ wọn dé, wọ́n á wá gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi omi ìsàmì. Bí ọmọ náà bá tó gba Kọmúníọ̀nù, Màmá náà ló ń rán aṣọ funfun rẹ̀.

Orúkọ Màmá ò sí nínú ìwé jùbílì. Ti Bàbá Katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn wa, tó gun kẹ̀kẹ́ dé gbogbo abúlé tó wà lábẹ́ páríṣì wa náà ò sí níbẹ̀. Wọ́n sì rí àyè fi orúkọ jẹnẹrétọ̀ sí i!

Mo lọ kí Màmá nílé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ti dàgbà gan-an, ojú ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ka Rósárì lálaalẹ́. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ kí wọ́n tún ìwé yẹn tẹ̀, kí orúkọ yín wọ̀ ọ́, mà." Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé torí ìwé ni mo ṣe é? Má kọ orúkọ mi síbì kankan o."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà.

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé kí ìgbìmọ̀ tún ìwé náà ṣe kó tó dọjọ́ jùbílì. Bàbá Katikíìsì ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti ní kí a kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti Màmá ni mi ò mọ bí màá ṣe ṣe é. Bí mo bá bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n wí, a jẹ́ pé àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní gbọ́ nípa wọn láé. Bí mo bá sì kọ ọ́, mo ti rú òfin wọn lójú ayé wọn.