Kí ìyá olùkọ́ yẹn má yá owó èlé san àwìn ìrẹsì

Mo ka ìròyìn ìyá olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó fẹ́ yá owó báńkì kó fi san gbogbo gbèsè ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: àwìn ìrẹsì, owó ilé ìwé àti owó tó yá lórí áàpù fóònù. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ń pariwo pé gbèsè kò dára. Ta ni kò mọ̀? Èwo nínú gbèsè náà ló ń bímọ, ìyẹn ló yẹ ká bi wọ́n.

Ìròyìn náà ní wọ́n jẹ ìyá onírẹsì kan ní Ọjà Ọba l'Ádó. Àwìn lásán nìyẹn, kò ní èlé. Kí wọ́n bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Owó ilé ìwé náà, bákan náà. Ti áàpù orí fóònù ni iná orí òrùlé. Tí èèyàn bá jẹ wọ́n ní ₦100,000, tí èlé jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦120,000 ni èlé nìkan láàárín ọdún kan, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ digbí! Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pa.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé báńkì, ṣé wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni? CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, fúnra rẹ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní Oṣù Kọkànlá 2024, ẹ wo ibi tí ti báńkì yóò dé. Kí wọ́n béèrè iye tí yóò wọ ọwọ́ wọn gan-an lẹ́yìn owó fọ́ọ̀mù àti ìńṣọ́ránsì, àti àpapọ̀ ohun tí wọn yóò dá padà. Sísan díẹ̀ lóṣù fún ọdún mẹ́rin máa ń dùn létí (àwọn òṣìṣẹ́ báńkì mọ̀ ọ́n sọ).

Tí wọ́n bá san ti áàpù tán, kí wọ́n gba ẹ̀rí kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lórí fóònù.